Ìpàkọ́ Tí N Kò Rí

Àwọn tó re ìlú òyìnbó máa ń sọ pé òtútù ló kọ́kọ́ pàdé àwọn. Ní tèmi, ìkíni ni.

Kétu ni wọ́n ti bí mi, Kétu tó wà ní òdìkejì ibodè, níbi tí àwọn Faransé ti jọba nígbà kan. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá kí àgbàlagbà láàárọ̀, ẹ ó béèrè ara yín, ẹ ó béèrè ará ilé, ẹ ó béèrè iṣu tó wà lóko, kí ẹ tó béèrè ohun tó gbé yín jáde. Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ jí sí Muṣin ní Èkó, mo rí bàbá kan lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo wọ̀ sí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo bẹ̀rẹ̀ sí kí wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Nígbà tí n ó fi gbójú sókè, bàbá ti dé oríta. Wọ́n kàn ju ọwọ́ sẹ́yìn: "Ẹn-ẹn, káàárọ̀ o, mò ń sáré." Obìnrin kan tó ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga rẹ́rìn-ín títí omi ọṣẹ fi ta sí i lójú.

"Bùrọ̀dá, ẹ dìde nílẹ̀ jàre. Wọ́n ti wọ mọ́tò."

Ká ní Paríìsì ni mo lọ ni, ǹ bá ti múra ọkàn mi sílẹ̀ fún àjò. Ṣùgbọ́n èmi rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn mi ni mò ń bọ̀. Èdè kan náà, orúkọ kan náà, orin kan náà tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè wà lájò láàárín èdè tó gbọ́ dáadáa. Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á yíjú wò mí.

"Níbo lẹ ti wá?"

Mo ní Kétu.

"Kétu? Ti ẹ̀yìn Ọjọ́ta yẹn? Ibi tí ò jìnnà. Kí ló wá dé tí ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ará oko?"

Mo ṣàlàyé pé Kétu tèmi ti ní ọba, ó ti ní odi, kí ẹnikẹ́ni tó da ọ̀dà sí títì Ọjọ́ta. Wọ́n ní, "Áà, Kútọnu ni yín nígbà yẹn!" Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Kútọnu. Lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ Kútọnu ni yunifásítì tí mo lọ wà, ṣùgbọ́n àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀ náà.

Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà. Mo lè to orúkọ àwọn ọba wa lọ́kọ̀ọ̀kan ní èdè Faransé. Nígbà tí a máa fi jáde, ìjọba kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ mọ́. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an ń retí owó oṣù tí kò dé. Ohun tó wá gbọ́ bùkátà mi kì í ṣe ìwé ẹ̀rí mi. Àlùmọ́gàjí ni. Nílé ẹ̀kọ́, èmi ni mò ń gẹ irun fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lójú fèrèsé yàrá wa, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Orí àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo fi kọ́ ọ, wọ́n sì fara dà á.

Irun wa kì í ṣe aṣọ tí a lè tẹ́ sílẹ̀ ká fi ìwọ̀n sí i. Ó ń ká ni. Bí o bá fà á, yóò gùn dé èjìká. Bí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò padà sí etí. Ẹni tó bá gé e níbi tó fà á dé yóò rí i pé irun náà sá mọ́ òun lọ́wọ́. Nítorí náà n kì í fà á. N kì í sì í fi omi sí i kí n tó gé e, nítorí omi a máa tàn án kó gùn ju bó ti rí lọ. Ní gbígbẹ ni, ìká irun kan lẹ́yìn ìká irun kan, kí n máa wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ tẹ̀ sí, kí n sì tẹ̀lé e lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì bá ẹni tí kò níbi tó ń lọ mu.

Ọ̀gá kan ní Muṣin fún mi ní àga ní igun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kílípà oníná ni gbogbo wọn ń lò níbẹ̀. Àlùmọ́gàjí mi di ẹ̀rín fún wọn.

"Kútọnu, ṣé télọ̀ ni ẹ́ ni? Wá bá mi gé ṣòkòtò yìí kúrú."

Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ náà kọ̀, kò dáhùn. Kílípà dákẹ́ lórí ọkùnrin kan tí wọ́n ti gẹ ìdajì orí rẹ̀. Ilé àna ló ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń retí rẹ̀. Ó di orí mú, ó ń pariwo pé, "Ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ ọmọ wọn fún mi ni?" Ọ̀gá wò mí. Mo dìde, mo nu àlùmọ́gàjí mi. Nígbà tí mo ṣe tán, ọkùnrin náà wo dígí títí, ó ní ìdajì tí mo gẹ ló dára jù, kí n jọ̀ọ́ tún ìdajì kejì náà ṣe kó lè jọ ọ́. Kò sẹ́ni tó tún pè mí ní télọ̀ mọ́. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Kútọnu ṣá.

Ní ayé ìgbà yẹn, kò tíì sí fóònù tí à ń kì bọ àpò. Ìtòsí Ojú Ẹlẹ́gbà ni mo ti máa ń tò sí ẹ̀yìn àwọn ènìyàn láti fóònù sílé. Olùkọ́ kan ní Kétu ló ní tẹlifóònù. Wọn á ránṣẹ́ pe ìyá mi, èmi á máa dúró, èmi á máa gbọ́ ìró bàtà wọn lórí sìmẹ́ǹtì ilé olùkọ́ kí n tó gbọ́ ohùn wọn. Ariwo Ojú Ẹlẹ́gbà wà ní etí mi kejì. Kì í ṣe ara mi ni ìyá mi máa ń kọ́kọ́ béèrè.

"Ta ló gẹ irun rẹ?"

"Èmi fúnra mi ni, Ìyá."

"Ibo lo kó o sí?"

"Ó wà nínú ọ̀rá."

"Ó dáa. Ara rẹ ńkọ́?"

Ìdí rẹ̀ rèé. Lọ́dọ̀ wa, bí ènìyàn bá kú sájò tí wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gbà wá, òun ni wọ́n ń sin láàárín àwọn bàbá rẹ̀. Irun ni ìránṣẹ́ tó ń dúró fún ara. Nígbà tí mo ń lọ, ìyá mi kò sunkún. Wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní, "Má jẹ́ kí irun rẹ bọ́ sílẹ̀ níbi tí wọn kò ti mọ orúkọ bàbá rẹ."

Mo pa á mọ́. Dígí kan níwájú, dígí kan lẹ́yìn, mo ń gẹ orí ara mi. Mo ń kó irun náà sínú ọ̀rá, bí mo bá sì lọ sílé, mo máa ń gbé e fún ìyá mi pẹ̀lú ọṣẹ àti aṣọ tí mo rà fún wọn. Ìyá mi á gba ọ̀rá náà kí wọ́n tó gba aṣọ. Wọ́n ń wa ilẹ̀ nídìí igi ìyeyè tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ báyìí ni mo ń padà sílé.

Ṣùgbọ́n dígí méjì a máa dani láàmú. Bí o bá ní kí ọwọ́ lọ sí ọ̀tún, òsì ló ń lọ. Ìpàkọ́ mi kò gún rí láti ọjọ́ tí mo ti dé Èkó. Àwọn kọ́sítọ́mà mi mọ̀ ọ́n. "Bàbá Kútọnu, ta ló bá yín jà lẹ́yìn?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

N kò gbé ìyàwó. Ọmọbìnrin tó yẹ kí n fẹ́ ní Kétu dúró, ó dúró, ó sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. N kò bínú sí i. Àwọn ènìyàn rò pé àìrẹ́nibásọ̀rọ̀ ni ìdánìkanwà. Èmi ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdánìkanwà tèmi, orí ló wà. Mo ń fọwọ́ kan orí gbogbo ènìyàn, orí ọmọ jòjòló, orí arúgbó, orí ọkọ ìyàwó. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan tèmi.

Súrùlérè ni ṣọ́ọ̀bù tèmi wà báyìí. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ọkùnrin nìkan ló ń wá, àwọn obìnrin ń lọ fi rílásà jó irun wọn kó lè nà gbọọrọ bí ìrù ẹṣin. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń kọjá, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí wọn jẹ́jẹ́ níbi tó ti ń ta wọ́n. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí yà sọ́dọ̀ mi, àwọn ọmọ tó kàwé, tí wọ́n ń sọ fún mi pé, "Bàbá, irun tèmi gan-an ni mo fẹ́." Inú mi dùn. Irun tó ká ni mo mọ̀.

Bùsáyọ̀ wà lára wọn. Ìyàwó Wálé ni. Èmi ni mò ń gẹ irun Wálé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti tó ilẹ̀ lórí àga mi títí ó fi lọ sí Kánádà. Ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Màmá Wálé, ará Ìjẹ̀ṣà tó ń ta ìkòkò àti abọ́, tí ilé wọn kò ju ojúlé mélòó kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn obìnrin méjèèjì jọ ń retí ìwé tí Bùsáyọ̀ yóò fi lọ bá ọkọ rẹ̀.

Ó jókòó, ó tú ìborí rẹ̀. Láti ìdí, irun náà ká, ó dúdú, ó nípọn. Láti ibẹ̀ lọ dé òkè, ó nà, ó rọ bí koríko tí oòrùn ti pa. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ló ti ń já.

"Bàbá, ẹ gé gbogbo èyí tó ti kú."

"Wálé ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Òun ló ní kí n tètè wá. Ó ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́."

"Màmá ńkọ́?"

Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí. "Màmá á rí i tí mo bá délé."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́. Mo ń wá ibi tí irun tó ká ti dópin, mo ń gé e síbẹ̀, n kò kánjú. Bí èyí tó wúwo ti ń bọ́ kúrò, èyí tó kù ń gbéra sókè fúnra rẹ̀. Nígbà tó tán, mo wá fi omi wọ́n ọn, mo fi òróró àgbọn pa á, mo ń fi ìka kan lọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n bá ti gbàgbé ara wọn. Wọ́n ń ṣí bí ewé pátánmọ́ tí ẹsẹ̀ ti kọjá lórí rẹ̀. Ó yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Omi wá sí i lójú, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, mo jọ màámi!"

Mo kó irun tó bọ́ sílẹ̀ sínú ọ̀rá, mo dì í, mo gbé e fún un. Kò sí obìnrin tó ń fi irun rẹ̀ sílẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ onírun ní Èkó. Nínú nǹkan yìí, Èkó àti Kétu kò yàtọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán, mo gbọ́ ohùn kí n tó rí ènìyàn.

"Kútọnu! Ẹ jáde síbí!"

Màmá Wálé ni. Ọ̀rá náà wà lọ́wọ́ wọn. Bùsáyọ̀ wà lẹ́yìn wọn, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Màmá, ẹ káàsán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"N kò jókòó. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá."

"Mo ní ta ló kú? Ìyàwó ọmọ mi fárí! Opó ló ń fárí. Ọmọ mi wà láàyè, ó ń jẹ, ó ń mu, ẹ̀yin wá fá orí ìyàwó rẹ̀ dè é!"

"Màmá, wọn ò fá a," ni Bùsáyọ̀ wí. "Wọ́n gé e ni."

"Dákẹ́! Ṣé o ò gbọ́ rí pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí?"

"Màmá, èmi olórí ni mo gbé orí mi wá."

Ọkùnrin kan tó ń retí àga fi ìwé ìròyìn bo ojú. Mo rí ìwé ìròyìn náà tó ń gbọ̀n.

Màmá Wálé kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, títí yóò fi hù padà. N kò lè máa jí wo opó nínú ilé mi láràárọ̀."

"Bí mo bá kó ẹrù mi jáde, Màmá, n kò ní padà wá." Ohùn Bùsáyọ̀ kò ga. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. "Ẹ ó sọ fún Wálé fúnra yín."

"Wálé ò mọ nǹkan kan!"

"Wálé bá yín sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, Màmá. Ó ní irun náà wu òun. Ẹ rí i nínú fídíò, ó ń rẹ́rìn-ín."

"Fóònù kì í ṣe ojú," ni Màmá Wálé wí. "Ó ń fi ojú rẹ́rìn-ín fún mi. Ṣé mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀? Ṣé mo mọ̀ bóyá ó ti rù?" Ohùn wọn já lójijì, bí òwú.

Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe irun. Mo gbìyànjú síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé bí àwọn obìnrin ayé àtijọ́ ṣe ń ṣe irun wọn ní oríṣiríṣi, pé ohun tó jẹ́ àmì ọ̀fọ̀ níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Màmá Wálé wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"Kútọnu, ìwé lẹ kà. Ẹ ò bí ọmọ sájò."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó bí ọmọ sájò. Mo yọ fóònù mi lápò, mo fi fídíò pe Kétu.

Àbúrò mi obìnrin ló gbé e. Ìyá mi jókòó lábẹ́ igi ìyeyè, mo rí ewé rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹnì kan wà níbí tí ọmọ rẹ̀ wà lájò. Ìyàwó ọmọ náà gé irun, ọkàn ìyá ò sì balẹ̀." N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo na fóònù sí Màmá Wálé.

Ìbínú ò jẹ́ kí Màmá Wálé mọ ohun tí wọn yóò ṣe pẹ̀lú ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti rí arúgbó náà, orúnkún wọn ló kọ́kọ́ dáhùn. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú fóònù náà, bí ẹni pé ìyá mi ló ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ìkíni wá bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi béèrè ara, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọjà, wọ́n béèrè bóyá òjò ti rọ̀. Màmá Wálé ń dáhùn, wọ́n ń dárúkọ Wálé, wọ́n ń béèrè padà. Ní àárín ìkíni náà, èdè Ìjẹ̀ṣà tí Màmá Wálé ti ń gbé pamọ́ fún Èkó láti ìgbà èwe wọn bọ́ jáde, ìyá mi sì ń fi ti Kétu dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ ò sì ta kókó. Kọ́sítọ́mà ń retí, fáànù ń yí lókè, kò sẹ́ni tó yára. Mo dúró, mo ń gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀ Muṣin, n kò tíì gbọ́ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ní Èkó.

"Ọmọ rẹ ti pẹ́ lọ́hùn-ún?" ni ìyá mi wá béèrè.

"Kò tíì pẹ́ púpọ̀, Ìyá. Lójú mi ni ó pẹ́."

"Lójú wa náà ló máa ń pẹ́ sí. Nígbà tí tèmi lọ, eyín mi pé sí mi lẹ́nu." Wọ́n la ẹnu, wọ́n fi èyí tó kù hàn. "Wọ́n ní irun ń bà ọ́ lẹ́rù."

"Ìyá, ìyàwó ẹni tó wà láàyè, kó gé irun báyẹn..."

"Dúró ná." Ìyá mi yíjú sí àbúrò mi. "Bá mi tú gèlè yìí."

Àbúrò mi tú u. Orí ìyá mi ń dán bí igbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sí ẹyọ irun kan níbẹ̀. Ó dùn mí pé n kò mọ̀. Pẹ̀lú gèlè ni mo máa ń bá wọn bí mo bá lọ sílé, pẹ̀lú gèlè ni mò ń rí wọn nínú fóònù.

"Ṣé o rí i? Ẹnikẹ́ni ò gé e. Òun ló ń bọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi tán. Bó bá jẹ́ pé orí obìnrin tó ṣófo ló ń pa ọmọ sájò, ọmọ ta ló wá di fóònù yìí mú fún ọ?"

Màmá Wálé wo orí ìyá mi. Wọ́n wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú wọn lọ́hùn-ún, wọ́n ń dá a dúró, kò dúró. Ọkùnrin tó ń retí àga ju ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ẹ̀rín mọ́ wọn lẹ́nu. Bùsáyọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó di òpó ẹnu ọ̀nà mú, ó ń dúró.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́," ni ìyá mi wí nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀.

"Ó ń bà mí, Ìyá."

"Kò ní tán. Tèmi ò tíì tán. Ṣùgbọ́n má lé ọmọ yẹn jáde. Ẹ jọ ń retí ẹnì kan ni. Bó bá lọ tán, ta ni ẹ ó jọ máa retí rẹ̀?"

Màmá Wálé fi ọwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ bá Bùsáyọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ìka wọn wọ inú irun náà, ó dúró níbẹ̀.

"Ó rọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n tún un fọwọ́ kàn. "Báyìí ni tèmi rí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí sun ún níná."

"Ó ń gbẹ, Màmá," ni Bùsáyọ̀ wí. "Òróró ni mo ní láti fi sí i láràárọ̀."

"Ṣé o rò pé kò sí òróró nílé mi ni?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá mi kò tíì parí. "Ẹ yí fóònù sí ọmọ mi. Ní kó kẹ̀yìn sí mi."

Mo kẹ̀yìn.

"Háà! Ta ló gẹ ìyẹn?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, Ìyá," ni Màmá Wálé yára dáhùn. "Gbogbo àdúgbò la mọ̀ ọ́n."

"Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni í rí tẹni. Ìyá Wálé, jọ̀ọ́, bá mi tún un ṣe."

Mo yíjú padà sí fóònù. "Ìyá, irun náà ńkọ́? Ẹ ní kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ níbi..."

"Mo rántí ohun tí mo wí. Ìyá Wálé, Ọláyíwọlá ni orúkọ bàbá rẹ̀."

"Ọláyíwọlá," ni Màmá Wálé tún un pè.

"Ọláyíwọlá," ni Bùsáyọ̀ náà wí, láìsí ẹni tó rán an.

"Ó tó," ni ìyá mi wí. "Wọ́n ti mọ̀ ọ́n níbẹ̀."

Mo jókòó sórí àga ara mi. N kò jókòó síbẹ̀ rí pẹ̀lú ènìyàn lẹ́yìn mi. Màmá Wálé fi ìgò ojú wọn sójú, wọ́n gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ òsì di orí mi mú bí wọ́n ṣe ń di ìkòkò mú tí wọ́n fẹ́ wò bóyá ó sán. Ọwọ́ náà le díẹ̀, ó lọ́wọ́ọ́rọ́. Bùsáyọ̀ ń darí wọn: "Ẹ má fà á, Màmá, ẹ tẹ̀lé e." Mo pa ojú dé. Mo gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí lẹ́yìn etí mi, níbi tí èmi ti máa ń mú un dún fún ẹlòmíràn. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n wà, wọn kò rí ojú mi. Ìyá mi rí i. Fóònù wà níwájú mi lórí tábìlì.

Màmá Wálé ṣa irun mi nílẹ̀, wọ́n kó o sínú ọ̀rá tí wọ́n mú wá, lé ti Bùsáyọ̀ lórí. Ibi tí a ó sin ín sí wá di wàhálà, nítorí Súrùlérè ti da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Inú garawa ọ̀dà kan tí wọ́n gbin ewúro sí ní ẹ̀yìnkùlé Màmá Wálé ni ó lọ níkẹyìn. Ṣíbí ọbẹ̀ ni Bùsáyọ̀ fi wa ihò náà, Màmá sì ń bú u pé ó ń gé gbòǹgbò ewúro òun.

Bùsáyọ̀ ti wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ báyìí. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, irun rẹ̀ ti kún, ó yí i ká bí agboòrùn. Ó ní Wálé ló ń gé ẹ̀yìn fún òun, òun sì ń kígbe lé e lórí. Màmá Wálé àti ìyá mi máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọn kì í pè mí sí i. Bí mo bá ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń yà kí Màmá, n kì í sáré. Mo máa ń béèrè ara, mo máa ń béèrè ọjà, mo máa ń béèrè ewúro. Bí irun mi bá hù, Màmá ló ń gẹ ìpàkọ́ mi.

Nígbà tí mo lọ sílé láìpẹ́ yìí, mo gbé ọṣẹ àti aṣọ dání. Ìyá mi na ọwọ́ bí ìṣe wọn. N kò ní ọ̀rá kankan láti fi sí i. Mo kàn jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo tẹ orí ba. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi wò ó, láti ọrùn lọ sókè, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹni tó bá ní ẹni tó ń gẹ ìpàkọ́ rẹ̀," ni wọ́n wí, "kò sí lájò mọ́."

Wọn kò gbé ọwọ́ kúrò. Atẹ́gùn fẹ́, èso ìyeyè kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Àtẹ́lẹwọ́ náà tún rìn láti òsì sí ọ̀tún, ó dúró lójú kan, ó padà síbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ó gẹ ẹ́ wọ́," ni ìyá mi wí.